Mẹ̀sídíìsì kan, ikú méjì: ẹjọ́ Napoleon Beazley ní Texas

Ọkọ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kò wá èèyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Grapeland ń wa mọ́tò kiri ìgboro Tyler, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Mọ́tò ìyá ọ̀kan nínú wọn ni. Ìbọn ìléwọ́ kan wà lọ́wọ́ wọn, àti ìbọn gígùn kan tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ kúrú. Wọ́n rí Mẹ̀sídíìsì kan, wọ́n tẹ̀ lé e dé ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ráyè ṣe ohunkóhun, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti wọlé. Ó ṣeé ṣe kí àwọn yẹn jẹun tán, kí wọ́n sì relé láìmọ̀ pé ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ fò wọ́n ru ni.

Wọ́n ti kọrí sí ọ̀nà ilé nígbà tí Mẹ̀sídíìsì kejì yọ. Ọkọ àti ìyàwó kan ló wà nínú rẹ̀: John Luttig, ẹni ọdún 63, tó ń ṣòwò epo rọ̀bì, àti aya rẹ̀. Dallas ni wọ́n ti ń bọ̀. Napoleon Beazley, tó ń wa mọ́tò nígbà yẹn, tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ilé. Bí ọkọ̀ wọn ṣe wọ gáréèjì báyìí, ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó mú ìbọn ìléwọ́, ó sáré tọ̀ wọ́n. Ọta àkọ́kọ́ ba Luttig lórí, kò pa á. Ó dojú ìbọn kọ ìyàwó rẹ̀, ọta tàsé. Obìnrin náà ṣubú, kò mira, ó ṣe bí òkú, ohun tó gbà á là nìyẹn. Beazley padà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ó tún yìnbọn lù ú lórí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò òkú wò, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣe é láǹfààní. Bó ṣe ń gbé ọkọ̀ náà lọ, ó fi kọlu ògiri, ọkọ̀ bàjẹ́, kò sì rìn jìnnà tó fi pa á tì. Kò rí i tà, kò rí i gùn dé ilé.

Kí á yọ ìbọn sí onímọ́tò, kí á já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun létí ẹni tó bá ti gbé Èkó rí. Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló di ẹ̀rù tó kárí ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti fi aago ìdágìrì àti àgádágodo tó le sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí jíjí mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ fi nira. Ó wá rọrùn fún olè láti dúró de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1992, àwọn kan já ọkọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan gbà ní ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n sì wọ́ obìnrin náà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Wọ́n ti ju ọmọ rẹ̀ sójú títì pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀, ó ṣe oríire pé ọmọ náà yè. Ariwo yẹn kò tíì rọlẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington fi ṣe òfin tó sọ fífi ìbọn já ọkọ̀ gbà di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1994, wọ́n tún un ṣe: bí ẹ̀mí bá bọ́ nínú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ lè béèrè ìdájọ́ ikú.

Texas kò dúró de Washington. Ẹni tó bá pa èèyàn níbi tó ti ń jà á lólè, òfin Texas ti ní ikú nílẹ̀ fún un tipẹ́.

Ta wá ni ọmọ yìí? Ẹni tó bá ń retí ìpáǹle tí kò ní alábòójútó yóò ṣe kàyéfì. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1976 ni wọ́n bí Napoleon Beazley. Aláwọ̀ dúdú ni. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ló ń gbé Grapeland, bàbá rẹ̀ sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú náà. (Houston County ni wọ́n ń pe agbègbè yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe Houston ńlá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì ló wà láàárín wọn.) Nílé ìwé, òun ni ààrẹ kíláàsì àṣekágbá. Ó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá, ó sì wà ní ipò kẹtàlá nínú ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ológun, ẹ̀ka Marine, ló ní lọ́kàn láti wọ̀. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ohun tí ará ìlú rò nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ kan náà ti ń ta kíráàkì, kokéènì tí wọ́n ń fà bíi sìgá, láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ní ìbọn. Kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé, ó ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kò ní pẹ́ tí òun yóò fi máa wa Mẹ̀sídíìsì. Lẹ́yìn tó pa Luttig tán, ó padà sílé ìwé bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní oṣù Karùn-ún. Oṣù Kẹfà ni ọlọ́pàá tó mú un, lẹ́yìn tí ẹnì kan ta wọ́n lólobó.

Ẹ jẹ́ kí á ka oṣù díẹ̀. Lọ́jọ́ tó yìnbọn, ó ku oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kí Beazley pé ọmọ ọdún 18. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó láti dìbò. Kò tó láti ra ọtí. Kò tó láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aráàlú méjìlá tí òfin Amẹ́ríkà máa ń gbé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lójú òfin Texas, ẹni ọdún 17 ti tó àgbà nílé ẹjọ́ ọ̀daràn, ó sì tó láti gba ìdájọ́ ikú. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i ní 1989 pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè pa ẹni tó dá irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 16 tàbí 17. Lórí oṣù mẹ́ta ààbọ̀ yìí ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ náà yí.

Ọdún 1995 ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Tyler. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú àwọn méjìlá. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn méjì tó bá a lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló sì jẹ́rìí takò ó. Wọ́n ní òun ló ṣáájú, òun ló yìnbọn, wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn kò dà láàmú. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún àwọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi ìwé ìbúra sọ pé àdéhùn ti wà láàárín àwọn àti agbẹjọ́rò ìjọba kí àwọn tó jẹ́rìí, àti pé àwọn ti fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé ẹjọ́ kò tìtorí èyí yí ìdájọ́ padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni, títí kan Beazley fúnra rẹ̀, kò jiyàn rẹ̀ pé òun ló pa Luttig.

Ìbéèrè tí Texas máa ń bi àwọn méjìlá náà kí wọ́n tó lè dájọ́ ikú yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀bi nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹni yìí ṣì lè hùwà ipá lọ́jọ́ iwájú, tí yóò fi máa jẹ́ ewu fún àwùjọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún wò ó bóyá ohun kan wà tó yẹ kó mú kí wọ́n ṣàánú. Ká sọ òótọ́, ìbéèrè babaláwo ni èyí, kì í ṣe ti aráàlú méjìlá tí wọ́n ṣà jọ láti ẹnu iṣẹ́ wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba fún agbègbè tí Grapeland wà rìnrìn àjò wá sí Tyler láti jẹ́rìí gbe ọmọ náà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láti rí: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi ọ̀daràn sẹ́wọ̀n wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan. Àwọn olùkọ́ àti ará ìlú náà jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Àwọn méjìlá gbọ́ wọn, wọ́n sì dájọ́ ikú.

Wọ́n ti gbọ́ tàwọn ẹbí Luttig náà. Níbí ni ẹjọ́ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ Tyler nìkan. Ọmọ olóògbé, J. Michael Luttig, jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀. Ààrẹ George Bush àgbà ló yàn án sípò ní 1991, nígbà tí kò tíì pé ogójì ọdún. (Òun náà ni adájọ́ àná tí gbogbo Amẹ́ríkà wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kẹfà 2022, nígbà tó ń jẹ́rìí nípa ìkọlù tó wáyé ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Kìíní 2021.) Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá jókòó ti ẹjọ́ náà ní Tyler, ó sì gun orí ìdúró ẹlẹ́rìí láti sọ ohun tí ikú bàbá òun dá sílẹ̀ nínú ẹbí wọn. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé ipò rẹ̀ wúwo jù nínú ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn pa bàbá rẹ̀ nínú gáréèjì ara rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀. Ọmọ wo ni yóò jókòó sílé?

Ibi tí ipò rẹ̀ ti hàn gbangba ni Washington. Ní oṣù Kẹjọ 2001, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n pa Beazley, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dé iwájú Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló yẹ kó wò ó. Mẹ́ta yọ ara wọn kúrò: Antonin Scalia, tí Michael Luttig ti bá ṣiṣẹ́ rí, àti Clarence Thomas pẹ̀lú David Souter, tí Luttig ràn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn aṣòfin ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò kí wọ́n tó dé ipò. Ó ku mẹ́fà. John Paul Stevens, Ruth Bader Ginsburg àti Stephen Breyer ní kí wọ́n dá ikú náà dúró. Mẹ́ta yòókù kọ̀. Mẹ́ta sí mẹ́ta. Níbi tí ìbò bá ti dọ́gba báyìí, ẹlẹ́bẹ̀ ló pàdánù. Tí a bá sì wo bí àwọn mẹ́ta tó yọra ṣe máa ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ ikú, ó jọ pé ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ì bá já sí bí wọ́n bá tilẹ̀ jókòó.

Nínú àwọn tó kọ̀ lọ́jọ́ náà ni Anthony Kennedy wà. Kí òǹkàwé fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ilé ẹjọ́ kan ní Texas gan-an ló gbà á sílẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ, nígbà tó ku wákàtí díẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ẹjọ́ ọ̀daràn ní kí wọ́n dúró ná, kí àwọn wo àwọn àríyànjiyàn kan nínú ẹjọ́ náà. Ariwo ti gba ayé kan. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu kọ̀wé láti South Africa, ó ní ó ya òun lẹ́nu pé ìjọba kan lè gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀ láti lọ pa á. Ẹgbẹ́ àwọn amòfin Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ Cynthia Kent, ẹni tó jókòó sórí ẹjọ́ náà ní Tyler, tí ìdájọ́ ikú náà sì ti ẹnu rẹ̀ jáde, kọ̀wé sí Gómìnà Rick Perry pé kó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére nítorí ọjọ́ orí ọmọ náà. Ní Texas, gómìnà kò lè dá irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìgbìmọ̀ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn. Mẹ́wàá sí mẹ́fà ni ìgbìmọ̀ náà fi kọ̀ ní 2001. Nígbà tí ìdádúró tú, tí wọ́n tún padà sí i ní oṣù Karùn-ún 2002, ó di mẹ́wàá sí méje. Fún ibi tí wọn kì í sábà rí ìbò àánú kan tàbí méjì, méje kì í ṣe kékeré. Kò tó síbẹ̀.

Àwọn àgbà Èkó yóò rántí bí wọ́n ṣe ń pa adigunjalè ní Bar Beach lẹ́yìn ogun abẹ́lé, lẹ́yìn tí ìjọba ológun ṣe òfin lórí ìdigunjalè ní 1970: ọ̀pá, okùn, àwọn ọmọ ogun, àti èrò tó tú jáde láti wòran. Ti Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó ní ògiri bíríkì pupa, ní àárín ìlú Huntsville, ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn yóò de ẹni náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì tó ní kẹ̀kẹ́, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ sí i lápá. Ní 2002, oògùn mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé ara wọn: ọ̀kan láti mú un sùn, ọ̀kan láti rọ iṣan ara rẹ̀, ọ̀kan láti dá ọkàn rẹ̀ dúró. Yàrá méjì tó ní gíláàsì ló wà, ọ̀kan fún ẹbí ẹni tí wọ́n pa, èkejì fún ẹbí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, kí wọ́n má baà ṣe ojú ara wọn.

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2002 ni ti Beazley. Ẹni ọdún 25 ni. Nígbà tí ọ̀gá ọgbà bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó wo apá ibi tí ọmọbìnrin Luttig dúró sí, ó sì ní rárá. Ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìwé náà, ó ní ohun tí òun ṣe burú jáì, kò sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ti kúrò níbẹ̀, òun nìkan ló kù. Ó ní ó dun òun pé ètò tó yẹ kó dúró ti òtítọ́ lè jọ òun tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ṣe àṣìṣe ìtìjú yẹn. Ẹnikẹ́ni lè ka ìwé yẹn kó má gbà á. Ẹni tó pàdánù bàbá rẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè láti gbà á.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ikú ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn dúró. Christopher Simmons ni orúkọ rẹ̀. Òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tó pa obìnrin kan ní 1993, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì fúyẹ́ ju ti Beazley lọ: wọ́n wọlé ká a mọ́, wọ́n dè é, wọ́n sì jù ú sódò. Ẹjọ́ Simmons ló gòkè dé Washington. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2005, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ìbò márùn-ún sí mẹ́rin sọ pé ìjọba kankan ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ohun tó ṣe kó tó pé ọmọ ọdún 18. Ẹni tó kọ ìdájọ́ náà ni Anthony Kennedy.

Ìdí mẹ́ta ló fi lélẹ̀. Ọ̀dọ́ kò tíì gbọ́n bí àgbà, ó máa ń kù gììrì. Ẹgbẹ́ àti àyíká máa ń tètè fà á. Ìwà rẹ̀ kò sì tíì dì, ó lè yí padà. Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé pé apá ibi tí ọpọlọ fi ń kóra ẹni níjàánu ló ń gbẹ̀yìn dàgbà. Ohun tó ṣeni ní kàyéfì ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ Beazley mu. Ìdí kejì kò bá a mu rárá, bí a bá gba ohun tí wọ́n sọ nílé ẹjọ́ gbọ́: òun ló ń fa àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ìdí kẹta bá a mu rẹ́gí. Ọdún méje tó lò láti dúró de ikú, ẹlẹ́wọ̀n tó gbọ́ràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ àwọn méjìlá ní Tyler ti ní ewu ni yóò máa jẹ́ títí láé.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìdájọ́ Kennedy tó kan wa nílé. Ó ní láti 1990, orílẹ̀-èdè méje péré, yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà, ló ti pa ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ní ọmọdé: Iran, Pakistan, Saudi Arabia, Yemen, Kóńgò, China, àti Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Amnesty International ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ní 1997, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n pa ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Nàìjíríà nítorí ìdigunjalè tí wọ́n ní ó ṣe ní ọmọ ọdún 15. Ní 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà wá sọ ọ́ kedere pé kò gbọ́dọ̀ sí ìdájọ́ ikú fún ọmọdé. Lórí ìwé, a ṣáájú Amẹ́ríkà lọ́dún méjì.

Ẹni ìkẹyìn tí Amẹ́ríkà pa fún ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà ọmọdé ni Scott Hain, ní Oklahoma, oṣù Kẹrin 2003. Ọkọ̀ ló dá tirẹ̀ náà sílẹ̀. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní Tulsa ní 1987, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú búùtù, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà. Láti 1976 títí dé orí rẹ̀, àwọn tí wọ́n pa bẹ́ẹ̀ jẹ́ 22. Texas nìkan ló pa 13 nínú wọn.

Ní oṣù Kẹfà 2005, Gómìnà Rick Perry, ẹni tí wọ́n bẹ̀ títí nítorí Beazley tí kò gbà, fọwọ́ sí ìwé tó yí ìdájọ́ ikú ẹlẹ́wọ̀n 28 padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n ṣẹ̀.  Ìdájọ́ Kennedy ló fi dandan lé e.